Ẹni Tí A Kò Dìbò Yàn Rí, Tó Lọ Ṣọ́ Ìbò ní Nevada



Ọ̀rọ̀ ìbò la fẹ́ sọ lónìí, ṣùgbọ́n ọ̀nà jíjìn la máa gbà débẹ̀. Ìpínlẹ̀ Nevada la ń lọ, lápá ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, níbi tí Las Vegas wà. Ìlú tẹ́tẹ́ ni Las Vegas, ìlú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn sì ni. Ẹni tó bá fẹ́ràn ẹ̀ṣẹ́ á rántí oṣù Karùn-ún ọdún 2015, tí Floyd Mayweather àti Manny Pacquiao wàákò níbẹ̀, tí àwọn kan láàrin wa kò fojú ba oorun mọ́jú nítorí rẹ̀. Àjọ ìjọba kan ló ń ṣàkóso ẹ̀ṣẹ́ ní Nevada. Òun ló ń fún abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò níwèé àṣẹ, òun ló ń yan rẹfirí, òun ló ń yan àwọn tó ń fún wọn ní máàkì. Agbẹjọ́rò kan tó ń jẹ́ Francisco Aguilar ni alága àjọ náà lásìkò yẹn. Cisco ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ó ti bá Sẹ́nétọ̀ Harry Reid ṣiṣẹ́ rí, ó sì ti ṣe agbẹjọ́rò ilé iṣẹ́ Andre Agassi, gbajúmọ̀ agbátẹníìsì. Ṣùgbọ́n kò sí ipò kankan tí ará ìlú dìbò yàn án sí rí.

Lọ́dún 2022, Cisco jáde. Kì í ṣe ipò gómìnà ló lọ dù, kì í sì í ṣe ti sẹ́nétọ̀. Ipò Akọ̀wé Ìpínlẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ n là á yé wa, torí ipò yìí máa ń rú àwọn èèyàn lójú. Akọ̀wé tí ẹ ń gbọ́ nínú ìròyìn pé ó wọ bàlúù lọ bá ìjọba ilẹ̀ òkèèrè sọ̀rọ̀, ti ìjọba àpapọ̀ nìyẹn. Ààrẹ ló ń yan ìyẹn. Ti ìpínlẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Ní Nevada, ọ́fíìsì rẹ̀ ló ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, bí àjọ CAC ṣe ń ṣe ní Nàìjíríà níbí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó gbé e sójú ayé ni pé òun ni ọ̀gá pátápátá fún ètò ìdìbò ní ìpínlẹ̀ náà. Ìbò ni wọ́n fi ń yàn án, ọdún mẹ́rin mẹ́rin, ẹnì kan kò sì lè ṣe é ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Ẹ rò ó wò ná: ká ní àwa gan-an là ń dìbò yan alága àjọ elétò ìdìbò wa, INEC, tó ń bá ẹgbẹ́ òṣèlú jáde, tí fọ́tò rẹ̀ wà lára pátákó ní Mọ́kọ́lá àti Ọjọ́ta, tó ń fọwọ́ juwọ́ sí wa. Bí tiwọn ṣe rí gan-an nìyẹn.

Tẹ́lẹ̀, àwọn ará ibẹ̀ gan-an kì í fi bẹ́ẹ̀ ka ipò náà sí. Ìdìbò ọdún 2020 ló sọ ọ́ di nǹkan bàbàrà. Joe Biden fi ìbò 33,596 na Donald Trump ní Nevada, àwọn alátìlẹ́yìn Trump sì fárígá pé èrú ni. Barbara Cegavske ló wà lórí ipò Akọ̀wé Ìpínlẹ̀ nígbà náà, ọmọ ẹgbẹ́ Republican bíi Trump fúnra rẹ̀. Obìnrin náà ní òun kò rí èrú tí wọ́n ń wí. Ní oṣù Kẹta ọdún 2021, ẹgbẹ́ rẹ̀ di ẹ̀sùn kún páálí mẹ́rin, wọ́n gbé e wá fún un. Ó ní kí wọ́n tú u wò. Kí iṣẹ́ tó parí, ẹgbẹ́ ti pàdé ní oṣù Kẹrin, wọ́n fi ìbò 126 sí 112 bẹnu àtẹ́ lù ú. Nígbà tí àbọ̀ ìwádìí wá jáde, ibi tó dúró sí tẹ́lẹ̀ náà ló dúró sí: kò sí ẹ̀rí màgòmágó tó gbilẹ̀ débi pé ó lè yí èsì padà.

Ẹ gbọ́ ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n fi ń pariwo. Ọkùnrin kan ní Las Vegas jáde sórí tẹlifíṣọ̀n lẹ́yìn ìbò, ó ní ìyàwó òun ti kú láti ọdún 2017, síbẹ̀ ẹnì kan ti fi orúkọ rẹ̀ dìbò. Ta ló máa gbọ́ irú ìyẹn tí kò ní káàánú rẹ̀? Ìròyìn náà rìn yí Amẹ́ríkà ká, ẹgbẹ́ Republican ní Nevada sì ń gbé e kiri. Ọ́fíìsì Cegavske wádìí ọ̀rọ̀ náà dé ìsàlẹ̀. Baálé ilé yẹn fúnra rẹ̀ ló mú ìwé ìdìbò ìyàwó rẹ̀, tó kọ ọ́, tó fọwọ́ sí i, tó fi ránṣẹ́. Ó jẹ́bi lẹ́nu ara rẹ̀ níwájú adájọ́ kí ọdún 2021 tó parí, wọ́n sì bu owó ìtanràn 2,000 dọ́là lé e. Òkú dìbò lóòótọ́, ọkọ òkú ló bá a buwọ́ lùwé.

Ọdún 2022 dé, Cegavske ti lo ẹ̀ẹ̀mejì tirẹ̀ tán, ipò ṣófo. Cisco Aguilar gbé àsíá ẹgbẹ́ Democrat. Ẹni tó kò ó lójú láti ẹgbẹ́ Republican ni Jim Marchant, tó ti ṣe aṣòfin ìpínlẹ̀ rí. Marchant ti dupò aṣojú-ṣòfin ní Washington lọ́dún 2020, Steven Horsford fi ìbò tó lé ní 16,000 jù ú. Kò gbà. Ó gba ilé ẹjọ́ lọ pé kí wọ́n tún ìbò dì, ilé ẹjọ́ kò dá a lóhùn. Ó wá kó àwọn olùdíje láti oríṣiríṣi ìpínlẹ̀ jọ, àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn jọra, láti dupò Akọ̀wé káàkiri. Ìlérí rẹ̀ ni pé òun á pa ẹ̀rọ ìdìbò rẹ́, òun á fòpin sí ìdìbò láti inú ilé, ọwọ́ ni wọ́n á máa fi ka ìbò. Níbi ìpolongo kan ní oṣù Kẹwàá, ó sọ ọ́ gbangba pé bí àwọn bá wọlé, Trump á padà sípò ààrẹ lọ́dún 2024.

Ibí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ tẹ́tí sí dáadáa. Àwọn méjèèjì ló ń polongo pé àwọn fẹ́ dáàbò bo ìbò. Gbólóhùn kan náà ló ń jáde lẹ́nu wọn. Olùdìbò tó bá ń gbọ́ rédíò níbẹ̀ kò lè fi ìlérí nìkan dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Lójú tèmi, ohun tó yẹ kéèyàn bi irú olùdíje bẹ́ẹ̀ ni pé: ìwọ tó o fẹ́ ṣọ́ ìbò, bí ẹni tí o kò fẹ́ bá wọlé ńkọ́? Marchant ti fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn tirẹ̀. Ó ti mọ ẹni tó máa wọlé ní ọdún méjì kí wọ́n tó dìbò.

Ní ti ọwọ́ fífi ka ìbò, èyí kò ní ṣàjèjì sí wa. Àwa náà ń ṣe é. Lẹ́yìn tí ìdìbò bá parí, ọ̀gá ibùdó á gbé ìwé sókè, á kà á kí gbogbo èèyàn gbọ́, àwa á máa bá a kà á lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó dára, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé tiwa, ipò kan ni ìwé kan, àwọn tó dìbò ní ibùdó kan kì í sì í pọ̀ ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ. Tiwọn, ipò rẹpẹtẹ ló máa ń wà lórí ìwé kan ṣoṣo, láti orí sẹ́nétọ̀ dórí adájọ́, títí kan ìgbìmọ̀ ilé ìwé, wọ́n á tún wá fi ìbéèrè lórí òfin kún un. Káńtì kan tó ń jẹ́ Nye, ìyẹn bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa, dán an wò ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022. Wọ́n to tábìlì, èèyàn márùn-ún yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká. Ẹnì kan ń ka orúkọ sókè, ẹnì kejì ń wojú ìwé bóyá ohun tó kà ló wà níbẹ̀, àwọn mẹ́ta yòókù ń fa ilà. Bí ilà àwọn mẹ́ta kò bá bára mu, ó di àtúnkà. Àwọn oníròyìn tó jókòó tì wọ́n rí i pé nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta ni ikọ̀ kan fi ń ka ìwé 50. Ìwé 50 o! Èyí tó tún burú ni pé ìdìbò gan-an kò tíì parí. Ìwé tó kọ́kọ́ dé láti ilé ìfìwéránṣẹ́ ni wọ́n ń kà sókè bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá dúró níbẹ̀ lè gbọ́ ẹni tó ń lékè. Ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ìpínlẹ̀ náà bá wọn dá a dúró, Cegavske sì pàṣẹ pé kí wọ́n sinmi.

Kí ni Cisco ní tirẹ̀ ń sọ kiri? Ẹni tó ń ka ìbò ló gbé lékè. Ó ní bí òun bá wọlé, òfin àkọ́kọ́ tí òun máa lọ béèrè ni èyí tí yóò dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìdìbò.

Èèyàn lè sọ pé ìyẹn kéré. Kò kéré. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Atlanta, ní ìpínlẹ̀ Georgia, lọ́dún 2020. Ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ obìnrin, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, jọ ń ka ìbò ní gbọ̀ngàn kan. Ìyá na nǹkan kékeré kan sọ́mọ. Rudy Giuliani, agbẹjọ́rò Trump, gbé fídíò rẹ̀ jáde, ó ní fúláàṣì kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ara wọn láti fi jí ìbò. Súìtì atalẹ̀ ni ìyá na sọ́mọ. Súìtì! Wọ́n ń pè wọ́n lórí fóònù láti halẹ̀ ikú mọ́ wọn, ìyá sá kúrò nílé rẹ̀ fún oṣù bíi méjì, àwọn kan lọ kanlẹ̀kùn ilé ìyá àgbà ọmọ náà. Nígbà tó yá, ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ilé ẹjọ́ ní kí Giuliani san 148 mílíọ̀nù dọ́là fún wọn. Ṣùgbọ́n ta ló tún fẹ́ lọ ka ìbò lẹ́yìn irú èyí? Ní Nevada gan-an, nínú káńtì 17 tó wà níbẹ̀, ó ju ìdajì lọ tí ọ̀gá elétò ìdìbò wọn ti yí padà láti ọdún 2020. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà dunjú ń káńgárá wọn lọ sílé.

Àwa náà mọ bó ṣe ń rí. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2011, lẹ́yìn ìdìbò ààrẹ, wọ́n pa agùnbánirọ̀ mẹ́wàá ní ìpínlẹ̀ Bauchi. Ọmọ tí òbí rán lọ sin ìlú baba rẹ̀, tí INEC fún ní ìwé àti lẹ́ẹ̀dì. Òbí wo ló máa gbàgbé?

Ọjọ́ kẹjọ oṣù Kọkànlá ọdún 2022 ni wọ́n dìbò. Èsì kò tètè jáde, ìdí rẹ̀ sì yẹ ká mọ̀. Nevada máa ń fi ìwé ìdìbò ránṣẹ́ sílé gbogbo ẹni tórúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé olùdìbò, àyàfi ẹni tó bá ní òun kò fẹ́. Olùdìbò á kọ ọ́ tán, á ki í sínú àpòòwé, á fọwọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ọwọ́ tó fi síbẹ̀ ni wọ́n máa gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó wà nílé lọ́dọ̀ wọn tẹ́lẹ̀. Bí kò bá jọra, wọn kò ní dà á nù. Wọ́n á kàn sí i pé kó wá fi ara rẹ̀ hàn, wọ́n sì fún irú wọn ní ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn ìdìbò. Ẹni tó ti dàgbà, tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n, kì í buwọ́ lùwé bíi ti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn mọ́. Ìtọ́jú tó tọ́ sí ìbò nìyẹn, ó kàn jẹ́ pé ẹni tí ara rẹ̀ kò balẹ̀ á máa wí pé wọ́n ń pa èsì dà ní kọ̀rọ̀.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, Aguilar fi nǹkan bíi 23,000 ìbò borí. Kò tó ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí wọn kò yan ọ̀kankan nínú wọn, torí pé ní Nevada, ààyè wà lórí ìwé ìdìbò láti tẹ̀ ẹ́ pé èèyàn kò fẹ́ ìkankan nínú àwọn tó ń díje. (Ó wù mí kó dé ọ̀dọ̀ wa o.) Ohun tó gbàfiyèsí jù ni pé lọ́jọ́ kan náà, gómìnà tó wà lórí oyè, Steve Sisolak, tó jẹ́ Democrat bíi ti Cisco, fìdí rẹmi. Joe Lombardo ti Republican ló gbapò lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyẹn ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn yan Republican sípò gómìnà, wọ́n sì fò sí òdì kejì láti yan ẹni tó máa ṣọ́ àpótí.

Lombardo yìí náà ló wá fọwọ́ sí òfin tí Cisco béèrè, lọ́dún 2023. Ẹnikẹ́ni tó bá halẹ̀ mọ́ òṣìṣẹ́ ìdìbò tàbí tó dọdẹ rẹ̀ nítorí iṣẹ́ náà lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rin. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, wọ́n tún kó ìwé olùdìbò gbogbo káńtì sójú kan. Tẹ́lẹ̀, kálukú ló ń tọ́jú tirẹ̀.

Ìdánwò tó le jù dé ní oṣù Keje ọdún 2024, ní káńtì Washoe, níbi tí ìlú Reno wà. Wọ́n ti tún ìbò abẹ́lé méjì kà, èsì kò yí padà. Ó ku kí ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún tó ń darí káńtì náà fòǹtẹ̀ lù ú. Mẹ́ta nínú wọn kọ̀. Òfin kò fún wọn láṣẹ láti kọ̀. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n wò ó bóyá ìṣirò pé, kí wọ́n sì buwọ́ lù ú. Cisco kò pariwo. Ó gba ilé ẹjọ́ gíga jùlọ lọ lọ́jọ́ kejì. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ìgbìmọ̀ ti tún jókòó, wọ́n sì fòǹtẹ̀ lù ú. Ká ní wọ́n fi èyí sílẹ̀ ni, ní oṣù Kọkànlá káńtì kan ṣoṣo á lè so èsì ààrẹ kọ́.

Oṣù Kọkànlá náà sì dé. Trump wọlé ní Nevada. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi kà á, ìwé ilé ìfìwéránṣẹ́ wà nínú rẹ̀, Akọ̀wé tó ṣètò rẹ̀ sì jẹ́ Democrat. Cisco gbé èsì kalẹ̀ bó ṣe rí. Ohun tí Marchant ní ó dìgbà tí àwọn bá wọlé kó tó ṣeé ṣe, ó ṣẹlẹ̀ láìsí i níbẹ̀.

Mi ò wá sọ pé ètò tiwọn ló dára jù o. Ìdí kan wà tó ń kọ mí lóminú. Ẹni tó ń bá ẹgbẹ́ jáde ló tún ń ṣe alábòójútó ìbò, òun náà á sì tún jáde fún ìgbà kejì lábẹ́ òfin tó ń darí fúnra rẹ̀. Ní Georgia lọ́dún 2018, Brian Kemp tó jẹ́ Akọ̀wé Ìpínlẹ̀ dupò gómìnà, kò sì fi ọ́fíìsì sílẹ̀ títí ìdìbò fi kọjá. Rẹfirí tó wọ ìbọ̀wọ́ ẹ̀ṣẹ́ ni. Ó wọlé, ariwo rẹ̀ kò sì tán nílẹ̀ bọ̀rọ̀. Ohun tó yọ Nevada ni pé Cegavske mọ ojúṣe rẹ̀, pé ilé ẹjọ́ kò sùn, pé òfin sì wà nílẹ̀ tí Cisco lè fà yọ.

Ní tiwa, ààrẹ ló ń yan alága INEC, ilé aṣòfin àgbà á wá fọwọ́ sí i. Ìgbìmọ̀ Adájọ́ Uwais ti dábàá lọ́dún 2008 pé kí wọ́n gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ ààrẹ, kí àjọ àwọn adájọ́ máa ṣe é, kí wọ́n sì dá àjọ kan sílẹ̀ tí yóò máa bá àwọn tó ń ṣèrú ìbò ṣẹjọ́. Ìwé náà wà níbẹ̀. Ti ìjọba ìbílẹ̀ tún wá burú jù: gómìnà ló ń yan àjọ tó ń ṣètò ìdìbò kánsẹ́lọ̀ àti alága. Ẹ̀yin náà mọ iye ìgbà tí ẹgbẹ́ mìíràn yàtọ̀ sí ti gómìnà ń wọlé. Nígbà mìíràn tí olùdíje bá wá sí àdúgbò yín tó ní òun máa dáàbò bo ìbò yín, ẹ bi í bóyá ó máa ti òfin tó gba yíyàn yẹn lọ́wọ́ gómìnà lẹ́yìn, kódà bí ẹgbẹ́ rẹ̀ ló bá wà níjọba.

Kí n tó lọ, ọ̀rọ̀ díẹ̀ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ ní Amẹ́ríkà. Ti Texas àti Maryland, níbi tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí jù, gómìnà ló ń yan Akọ̀wé Ìpínlẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Georgia, Michigan àti Minnesota, ìbò ni, ọdún 2026 sì jẹ́ ọdún ìbò sípò náà níbẹ̀ àti ní Nevada. Ọmọ yín tó bá ti di ọmọ onílùú ní ẹ̀tọ́ láti dì í. Ẹni tó ṣì wà lórí gíríìn káàdì kò gbọdọ̀ dì í rárá. Láwọn ìpínlẹ̀ kan, Nevada wà lára wọn, bí èèyàn bá lọ gba láísẹ́ńsì ọkọ̀, ọ́fíìsì náà lè fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé olùdìbò. Bí ìyẹn bá ṣe àṣìṣe bá ọmọ yín tí kò tíì di ọmọ onílùú, tó bá sì dìbò, wọ́n lè torí rẹ̀ dá a padà sílé. Bí ẹ bá pè é lálẹ́ òní, ẹ kì í nílọ̀.